Okùn Tó Tú Lára Ọgbà: Bí A Ṣe Mọ Tau

Ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n kó jọ ní Yunifásítì Princeton, l'Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n rí tau. Iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 1975. Marc Kirschner, Murray Weingarten, Arthur Lockwood àti Shu-Ying Hwo ló ṣe é, kì í sì í ṣe àrùn kankan ni wọ́n ń wá ìdí rẹ̀. Àwọn ọ̀pá tíntìntín tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ló gbà wọ́n lọ́kàn.

Ọ̀pá wọ̀nyí ṣófo nínú bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Bí a bá to 40,000 wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo rẹ̀ kò ní fẹ̀ ju mìlímítà kan lọ. Síbẹ̀ àwọn ni òpó tí sẹ́ẹ̀lì fi ń dúró, àwọn náà sì ni ọ̀nà tí ẹrù ń gbà nínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì iṣan tó ti ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ lè gùn tó mítà kan. Ohun púpọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń lò, òkè ni wọ́n ti ń ṣe é, orí ọ̀pá yìí ni wọ́n sì ń gbé e gbà. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, ebi dé bá ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni kì í ní àrọ́pò: èyí tí a bí mọ́ wa la ó lò títí dọjọ́ ogbó.

Tubulin ni orúkọ èròjà tí a fi mọ ọ̀pá náà. Bí àwọn ará Princeton bá yọ ọ́ láti inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ láìfọ̀ ọ́ délẹ̀, á so pọ̀ di ọ̀pá fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kò ní so mọ́. Ó hàn pé ìfọ̀ ti mú nǹkan kan kúrò. Wọ́n wá nǹkan náà kàn, wọ́n dá a padà sínú tubulin, ọ̀pá sì tún so. Purotéènì kan ni. Wọ́n sọ ọ́ ní tau, lẹ́tà t nínú èdè Gíríìkì. Ẹni tó bá ti ṣọgbà rí mọ̀ pé igi nìkan kì í jẹ́ ọgbà, àfi kí okùn dì í. Tau ni okùn náà.

Ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ nígbà náà pé dókítà kan ti rí okùn yìí níbi tó ti bàjẹ́, ní ọdún 69 ṣáájú.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1901, wọ́n gbé Auguste Deter, obìnrin ẹni ọdún 51, wá sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Frankfurt, ní Jámánì. Dókítà Alois Alzheimer jókòó tì í, ó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kó kọ orúkọ ara rẹ̀. Kò lè kọ ọ́ parí. Nílẹ̀ wa, a ó ní màmá ń ṣarán. Àwọn kan á tilẹ̀ ní àjẹ́ ni, wọ́n á sì lé ìyá tó bí wọn jáde nítorí àìsàn tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ fà. Mi ò lè sọ ìtàn yìí kí n fo ìyẹn dá.

Nígbà tí Auguste kú ní oṣù kẹrin 1906, Alzheimer ti wà ní Munich. Ó ní kí wọ́n fi ọpọlọ obìnrin náà ránṣẹ́ sí òun. Ó gé e ní awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi aró fàdákà rẹ ẹ́, ó sì gbé e sábẹ́ awò. Yàtọ̀ sí àwọn èérí tó dì láàárín sẹ́ẹ̀lì, ó rí fọ́nrán dúdú tó lọ́ mọ́ra, tó ta kókó nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an. Níbòmíràn sẹ́ẹ̀lì ti kú pátá, kókó nìkan ló kù. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ó sọ ohun tó rí fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tübingen. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Kókó náà wà bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1963, Michael Kidd fi awò alágbára wò ó, ó rí fọ́nrán méjì méjì tó lọ́ mọ́ ara wọn. Ọdún 1985 ni Jean-Pierre Brion àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels fi hàn pé tau ló wà nínú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Inge Grundke-Iqbal àti Khalid Iqbal ní New York rí i pé fọ́sífétì ti pọ̀ jù lára tau náà. Fọ́sífétì díẹ̀ ló ń jẹ́ kí okùn yìí lè dì kó sì tú bó ṣe yẹ. Bó bá ti pọ̀ jù, tau á bọ́ kúrò lára ọ̀pá, á wá máa lọ́ mọ́ tau ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọgbà pàdánù okùn, okùn sì di ìdíwọ́ lójú ọ̀nà.

Àwọn kan ṣì ń jiyàn pé eérú ni kókó yìí, kì í ṣe iná. Ọdún 1998 ló dá wọn lóhùn: wọ́n rí àwọn ìdílé tí àbùkù wà nínú àbùdá tau wọn, tí ọpọlọ wọn sì ń bàjẹ́ láìsí èérí tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì Auguste.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ Nàìjíríà kan ṣe ohun tí Alzheimer ṣe. Ní oṣù kẹsàn-án 2002, Mike Webster, akọni nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ti ń forí kọlu ara wọn, kú lẹ́ni ọdún 50, lẹ́yìn tí ìrònú àti ìgbé ayé rẹ̀ ti dàrú. Dókítà Bennet Omalu, tó kàwé ìṣègùn ní Nsukka, ló yẹ òkú rẹ̀ wò ní Pittsburgh. Lójú lásán, ọpọlọ náà pé pérépéré. Omalu kò gbà. Ó fi owó ara rẹ̀ ṣe awẹ́ rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ awò: kókó tau ló wà níbẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2005, àwọn dókítà ìgbìmọ̀ líìgì bọ́ọ̀lù náà ní kí ìwé ìròyìn ìṣègùn fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Wọn kò fà á padà.

Lọ́dún 2020, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí flortaucipir, èròjà kan tí wọ́n ń gún sí ara, tó ń lẹ̀ mọ́ kókó tau kí ẹ̀rọ lè yàwòrán rẹ̀ nínú orí ẹni tó ṣì wà láàyè. Ní ti Auguste, àwọn awẹ́ ọpọlọ rẹ̀ tún jáde láàárín ẹrù àtijọ́ ní Munich ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n gbé wọn sábẹ́ awò lẹ́ẹ̀kan sí i. Aró fàdákà kò tíì ṣí. Kókó dúdú náà ṣì hàn ketekete.