Omi Táńkì Ẹja Àrọ̀: Ìwọ̀n, Ọjọ́ àti Oṣù

Ẹni tó ti jẹ àrọ̀ mọ̀ ọ́n, a kò ní máa júwe rẹ̀. Clarias gariepinus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Burchell ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1822, odò Gariep ní gúúsù Áfíríkà ló sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹja yìí ń mí nínú omi, ó sì tún ń yọjú mí afẹ́fẹ́ lókè. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi rò pé omi èyíkéyìí ló lè gbà á. Irọ́ ni. Afẹ́fẹ́ lè gba àrọ̀ lọ́wọ́ àìrímí, kò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbin ara rẹ̀.

ÌWỌ̀N OMI
Ẹ fi mítà wọn gígùn àti ìbú táńkì, kí ẹ sì wọn jíjìn omi, kì í ṣe gíga ògiri. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ ara wọn, lẹ́yìn náà, ẹ sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀ ní ọ̀nà 1,000. Iye lítà nìyẹn.
– Táńkì bulọ́ọ̀kù, 3 × 2, omi mítà 1: 6,000 lítà.
– Tapólì roboto tó fẹ̀ ní mítà 2, omi mítà 1: ìdajì fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1, nítorí náà 1 × 1 × 3.14 × 1, ní ọ̀nà 1,000, ìyẹn 3,140 lítà.
– Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25: 40 rẹ̀ ni 1,000 lítà.
Fún agboolé, ẹja kan, lítà 20. Táńkì 6,000 gba ẹja 300. Àwọn oníṣòwò ń kó ìlọ́po méjì rẹ̀ sínú omi kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi tiwọn kì í sinmi, owó epo wọn náà kì í sinmi.

ỌJỌ́ ÌPÀÀRỌ̀
– Ọmọ ẹja títí dé gíráàmù 10: ìdá kan nínú mẹ́ta, lójoojúmọ́.
– Gíráàmù 10 sí 100: ìdajì, ní ọjọ́ méjì-méjì.
– Gíráàmù 100 sí 500: ìdá méjì nínú mẹ́ta, ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta.
– Gíráàmù 500 títí di ọjọ́ títà: ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ní ọjọ́ méjì-méjì.
Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ìkẹyìn yìí. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún 6,000 jẹ́ 4,800 lítà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóṣù, ó di 72,000 lítà, tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì 2,880. Ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ alómi, kó ra ẹja lọ́jà kó sì jẹ ẹ́. Ẹni tó ní kànga ni kó sin àrọ̀.
Ọ̀nà ìdínkù wà. Ìsàlẹ̀ ni ìdọ̀tí ń sùn sí, ìsàlẹ̀ ni kí omi ti máa jáde. Nígbà tí bíríkìlà bá ń kọ́ táńkì, kó jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí ẹnu páìpù. Bí ẹ bá ń ṣí páìpù náà láràárọ̀ títí omi yóò fi fà ní sẹ̀ǹtímítà 10, lítà 600 péré ló lọ nínú táńkì 3 × 2, ìdọ̀tí àná sì bá a lọ. Ìpààrọ̀ ńlá á lè sún síwájú ní ọjọ́ kan tàbí méjì.
Omi tó jáde náà kì í ṣe ìdànù. Ẹ darí rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewédú àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Kó ṣáà má ṣàn lọ sí ìdí kànga.

BÍ A ṢE Ń PÀÀRỌ̀
Àárọ̀ ni, kí ẹja tó jẹun. Àrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yó tí a wá ń dà láàmú á bi oúnjẹ rẹ̀ padà sínú omi, owó sì ti lọ. Lẹ́yìn ìpààrọ̀, ẹ dúró fún wákàtí kan kí ẹ tó fún un lóúnjẹ.
Ẹ fa omi náà lọ, ṣùgbọ́n kí èyí tó kù bo ẹ̀yìn ẹja. Ẹ ki ọwọ́ kan bọ omi àtijọ́, ẹ ki èkejì bọ tuntun. Bí ọ̀kan bá tutù ju èkejì lọ gan-an, ẹ dúró kí oòrùn mú un. Ẹni tó ní tẹ̀mómítà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìyàtọ̀ wọn ju dígírì 3 lọ. Láti òkè ni kí omi tuntun ti máa já bọ́. Agolo tí a dá lu níhò, tí a so sẹ́nu páìpù, ń fọ́n omi kó lè gba afẹ́fẹ́ dáadáa, kò sì lo iná.
Ìgbálẹ̀ gbígbó ni kí ẹ fi fọ ògiri. Ọṣẹ kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹ má sì fọ gbogbo ògiri lọ́jọ́ kan: nínú ohun tó ń yọ̀ lára ògiri yẹn ni àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí wà, àwọn ló ń sọ amóníà tí ẹja ń tú sómi di ohun tí kò lóró tó bẹ́ẹ̀. Ìdajì lónìí, ìdajì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.
Ọjọ́ ìpààrọ̀ náà ni kí ẹ fi ṣa ẹja, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Àwọn tó dàgbà ju ẹgbẹ́ lọ, tí àwọn ọlọ́sìn ń pè ní ṣútà, á gbé àwọn kékeré mì bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀.

IRÚ OMI
Kànga: òun ló dára jù.
Kànga ẹlẹ́rọ: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kéré, ó sì lè pọ́n bí irin dídípẹtà. Ẹ jẹ́ kó sun táńkì òkè mọ́jú kí ìpọ́n náà lè rẹlẹ̀.
Omi ẹ̀rọ ìjọba: kiloríìnì wà nínú rẹ̀. Ẹ bu ú sínú àgbá tí kò ní ìdérí fún wákàtí 24.
Omi òjò: ẹ jẹ́ kí òjò fọ òrùlé ná, kí ẹ tó gbé àgbá sí i. Ẹ fi omi kànga là á ní ìdajì-ìdajì.

TÁŃKÌ TUNTUN
Oró sìmẹ́ǹtì ń pa ẹja. Ẹ kún táńkì, ẹ gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú rẹ̀ bí àwọn àgbà ọlọ́sìn ti ń ṣe, ẹ dà á nù lọ́jọ́ kẹta, kí ẹ tún un ṣe títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. pH tó dára wà láàárín 6.5 àti 8.5. Kí ẹ tó kó ẹja 300 sí i, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí márùn-ún sùn nínú rẹ̀ mọ́jú.

ÀMÌ OMI TÓ TI BÀJẸ́
Òórùn tó ń ta nímú. Ìfófòó tí kì í tú. Ẹja tó nàró lójú omi, tí irùngbọ̀n rẹ̀ wà lókè, tí ìrù rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Oúnjẹ tó ṣì léfòó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20: ẹ kó o kúrò, kí ẹ sì dín ti ọ̀la kù.

OÒGÙN
Omi tuntun, lẹ́yìn rẹ̀, iyọ̀ ìdáná kílò 1 sí 1,000 lítà.

OṢÙ DÉ OṢÙ
Ṣẹ́rẹ́: ọyẹ́ ṣì ń jà. Ní oṣù yìí, ọ̀sán ni kí ẹ máa pààrọ̀ omi, kì í ṣe àárọ̀. Oúnjẹ díẹ̀.
Èrèlè: kànga ń fà. Ẹ wọn omi rẹ̀ kí ẹ tó ra ọmọ ẹja.
Ẹrẹ̀nà: ooru ń mú kí amóníà lóró sí i. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bo táńkì.
Ìgbé: òjò àkọ́rọ̀. Ẹ fọ gọ́tà òrùlé.
Ẹ̀bibi: ẹ na àwọ̀n bo táńkì, lálẹ́ òjò, àrọ̀ máa ń rìn jáde.
Òkúdu: ẹni tó fẹ́ tà ní Kérésì, ìsinsìnyí ni kó kó ọmọ ẹja sómi.
Agẹmọ: ẹ ṣí ihò àkúnwọ́sílẹ̀, kí àgbàrá má kó ẹja lọ.
Ògún: òjò dáwọ́ dúró díẹ̀. Ẹ ṣa ẹja.
Owewe: òjò padà. Bí omi bá tutù, ẹ dín oúnjẹ kù.
Ọ̀wàrà: ẹja ń jẹun gan-an, omi náà ń bàjẹ́ gan-an. Ẹ má fo ọjọ́ ìpààrọ̀ kankan.
Bélú: ẹ wọn ẹja mẹ́wàá lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ mọ ohun tí ẹ ní.
Ọ̀pẹ̀: ẹ tà, ẹ yan èyí tó kù. Ẹ gbá táńkì, kí oòrùn ọjọ́ mẹ́ta pa á gbẹ kí ẹ tó bomi sí i.