WỌ́Ọ̀TÌ L'ÁPẸTẸ: KÍ Ẹ TÓ TA Á, Ẹ KÀ Á!
Ẹ̀yin ọmọ Poli tẹ́ ẹ ń ta Wọ́ọ̀tì l'Ápẹtẹ, ẹ gbọ́! Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, William Henry Storey, ló dá a sílẹ̀ ní 1935. Káàdì 54 ló pé: róbótó 12, onígun mẹ́ta 12, àgbélébùú 9, onígun mẹ́rin 9, ìràwọ̀ 7, Wọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ 5. Tí 20 bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, tẹ́ ẹ sì ní ìràwọ̀, òun ni kẹ́ ẹ bèèrè; kò pọ̀, ọ̀tá lè lọ sọ́jà!

L'Ámẹ́ríkà, ẹyọ káàdì kan, àwòrán Mickey Mantle eléré bésíbọ́ọ̀lù tí wọ́n tẹ̀ ní 1952, pa dọ́là mílíọ̀nù 12.6 ní 2022. Tiwa ńkọ́? Ẹyọ kan sọnù, 53 tó kù di ìranù. Kówó tó délẹ̀, ẹ kà á lójú gbogbo èèyàn. Ìjà orí Wọ́ọ̀tì kì í tán bọ̀rọ̀.