Àárín ni jìbìtì ń gbà wọlé: bí Amẹ́ríkà ṣe ń tọpa oògùn

Ní 2002, àṣírí àwọn oníjìbìtì kan tú ní Amẹ́ríkà. Epogen, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó, ni wọ́n fi ṣòwò. Wọ́n ra èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 2,000, wọ́n bó ìwé ara ìgò rẹ̀, wọ́n sì lẹ òmíràn tí wọ́n kọ 40,000 sí mọ́ ọn. Alágbàtà kan rà á, ó tà á fún òmíràn, títí ó fi dé ilé ìtajà oògùn tó lórúkọ. Aláìsàn wá ń gba ìdá kan nínú ogún ohun tí dókítà kọ fún un.

Ilé iṣẹ́ tó pò ó kò jẹ̀bi, ẹni tó tà á kẹ́yìn ò sì mọ̀. Àwọn alágbàtà àárín ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

Ilé iṣẹ́ mẹ́ta, McKesson, Cencora àti Cardinal Health, ló ń pín èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké pọ̀ lẹ́yìn wọn tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ ara wọn. Oògùn kan náà kì í sì í jẹ́ iye kan náà fún gbogbo ènìyàn, ibẹ̀ sì ni èrè wà. Àwọn kan tilẹ̀ ń ra oògùn lọ́wọ́ tálákà tí ìjọba fún lọ́fẹ̀ẹ́, wọn a fi epo láítà nu orúkọ tálákà náà kúrò lára ìgò, wọn a tún un tà bíi tuntun.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń fún alágbàtà ní ìwé àṣẹ. Ní 2003, Florida mú òfin rẹ̀ le: alágbàtà gbọ́dọ̀ ní onídùúró 100,000 dọ́là, oògùn sì gbọ́dọ̀ ní ìwé tó ń ka gbogbo ọwọ́ tó ti kọjá. California náà ṣe tirẹ̀. Àmọ́ òfin ìpínlẹ̀ kan ò bá ti èkejì mu, ẹni tí wọ́n bá sì lé níbì kan a wá ibi tí òfin ti rọ̀ lọ. Ìwé náà ò sì ṣòro láti yí.

Ní November 2013, Ààrẹ Obama bu ọwọ́ lu òfin kan ṣoṣo fún títọpa oògùn ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìgò tàbí páálí kọ̀ọ̀kan máa ní nọ́ńbà tí òmíràn ò ní, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdì tí wọ́n pò ó mọ́ àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ nínú àmì onígun mẹ́rin tí ẹ̀rọ ń kà. Bí ilé ìtajà bá dá oògùn padà, alágbàtà ò gbọdọ̀ tún un tà láì kọ́kọ́ wádìí nọ́ńbà náà. Bó bá dájú pé ayédèrú ni, kó tó wákàtí 24, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, ti gbọ́dọ̀ gbọ́. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn oníṣòwò láti múra. Wọ́n tún sún ti àwọn ilé ìtajà kéékèèké sí November 2026.

Òfin nìkan ò tó. Ní 2022, ilé iṣẹ́ apoògùn Gilead kéde pé ìgò ayédèrú oògùn HIV òun tó lé ní 80,000 ti dé ilé ìtajà oògùn. Ìwé irọ́ nípa ọwọ́ tí wọ́n ti kọjá ló tẹ̀ lé wọn, oògùn àrùn ọpọlọ ni wọ́n sì bá nínú àwọn ìgò kan. Àwọn tó rà á ka ìwé. Wọn ò bi ilé iṣẹ́ tó pò ó.

Ní Nàìjíríà, NAFDAC gbé ètò kan jáde ní 2010 pé kí ẹni tó ra oògùn ha ara páálí, kó sì fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Ó dára, ṣùgbọ́n oníbàárà ló gbé ẹrù náà lé lórí, lẹ́yìn tó ti sanwó. Ní February 2025, àjọ náà ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà, Onitsha àti Aba pa láti gbọ̀n wọ́n wò. Ọjà ṣí padà, ọ̀rọ̀ alágbàtà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Alágbàtà ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ ọjà wò kó tó gbà á wọlé, torí ìyẹ̀wò tó bá dúró de aláìsàn ti pẹ́ jù.