Ooru Inú Ilé Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀kọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń kà nípa ooru inú ilé ni a kọ ní ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́. Ohun tí ó jẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lógún ni bí ooru ṣe ń sá jáde nínú ilé ní ìgbà òtútù, àti bí a ó ṣe dí ojú fèrèsé, ògiri àti àjà kí owó tí a fi mú ilé móoru má baà ṣòfò. Ẹ̀kọ́ yìí kò ní àbùkù ní ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá gbé e wá sí Òṣogbo tàbí Iléṣà láìyí i padà, akẹ́kọ̀ọ́ tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ lábẹ́ páànù yóò há a sórí nítorí ìdánwò, yóò sì gbàgbé rẹ̀. Ìṣòro tirẹ̀ ni ooru tí ó wọlé tí kò rí ọ̀nà jáde. Òfin kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ méjèèjì: láti ibi tí ó gbóná ni ooru ti ń lọ sí ibi tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó kọjú sí ni ó yàtọ̀.

Ohun tí èdè ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Yorùbá kì í fi ooru pe ìgbóná. Omi a máa gbóná, ara ọmọ a máa gbóná, ṣùgbọ́n "ooru ń mú mi" ni ẹni tí ó jókòó sínú yàrá tí kò ní atẹ́gùn ń wí. Ìyàtọ̀ yìí sún mọ́ èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣe láàrin ìwọ̀n ìgbóná tí tẹmọ́mítà ń fi hàn àti agbára tí ó ń ti ara ohun kan bọ́ sí òmíràn. Kò bá a mu délẹ̀délẹ̀, nítorí ooru tí ń mú ènìyàn kan ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Bí òógùn kò bá gbẹ, ara kò lè tutù. Ọ̀rọ̀ kan wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. A máa ń wí pé òtútù wọlé, bẹ́ẹ̀ ni òtútù kì í ṣe ohun tí ń rìn. Ooru ni ó jáde.

Kì í ṣe ohun tuntun láti fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ó yani lẹ́nu pé yunifásítì ni ó ń tijú rẹ̀.

Òrùlé àti èrò inú kíláàsì

Òrùlé ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Òṣogbo kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn máa ń dúró gangan lókè orí ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ní ọ̀sán tí kò sí kùrukùru, agbára oòrùn tí ń bọ́ sórí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà kan tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan tó nǹkan bí 1,000 watt. Kíláàsì tí ó gùn ní mítà 9 tí ó sì fẹ̀ ní mítà 8 ń gba nǹkan bí 72,000 watt sórí. Páànù tí kò nípọn tó mílímítà kan ni ó wà láàrin oòrùn àti orí akẹ́kọ̀ọ́. Bí páànù bá sì ti dípẹtà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára yìí ni yóò gbà mọ́ra. Páànù gbígbóná kò ní láti fara kan ènìyàn kí ó tó mú un láàmú. Ó ń ta ooru sí i lórí bí iná ààrò ṣe ń ta á sí ẹni tí ó dúró létí rẹ̀. Ìdí nìyí tí kíláàsì tí kò ní àjà fi burú, bí fèrèsé rẹ̀ tilẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Àwọn èrò inú kíláàsì náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ooru tí ó tó nǹkan bí 100 watt jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ 60 yóò tú 6,000 jáde, bí ìgbà tí a tan áyọ́ọ̀nù oníná mẹ́fà tí a kò sì pa wọ́n. Ìṣirò yìí nìkan a máa tó láti mú kíláàsì tí ń tòògbé jí.

Ilé àtijọ́

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí igbó pọ̀ sí, ewé gbòdògì ni wọ́n fi ń bo ilé. Ní ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni. Ewé àti koríko a máa há afẹ́fẹ́ mọ́ra, ooru kì í sì í tètè gba inú rẹ̀ kọjá. Ògiri amọ̀ ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Bí ó bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ooru tí ó gbà ní ọ̀sán lè pẹ́ tó nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ kí ó tó dé inú yàrá, nígbà tí ìta ti ń tutù. Àwọn àgbà kò pè é ní ìmọ̀ ìkọ́lé. Wọ́n kọ́ ilé ni.

Kò yẹ kí olùkọ́ sọ ilé amọ̀ di Párádísè. Òjò ń jẹ ẹ́ bí etí òrùlé kò bá yọ síta dáadáa, iná kì í pẹ́ ran koríko, ooru tí ògiri fi pamọ́ sì ń bọ́ sínú yàrá lálẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni ènìyàn ń sá lọ nígbà náà. Láti ìgbà tí owó Òṣómàáló ti ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Iléṣà ni páànù ti di àmì ọlá, iyì rẹ̀ kò sì ṣeé fi àlàyé nípa ooru ṣẹ́gun. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni bí a ó ṣe mú ilé páànù tutù. Ọ̀dà funfun lórí òrùlé, àjà tí ó ní ihò tí afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò gbà jáde, àti igi ní ìhà ìwọ̀-oòrùn kò náni ní owó ńlá.

Àpẹẹrẹ tí a lè lọ wò

Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ayàwòrán-ilé ọmọ Ísírẹ́lì, Arieh Sharon, ya àwọn ilé kan tí àjà òkè kọ̀ọ̀kan yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, tí òkè sì ń ṣíji bo ìsàlẹ̀. Ọ̀nà wà nínú wọn tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Jámánì ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ní Bauhaus, síbẹ̀ kò gbé ilé ilẹ̀ òtútù wá sí Ifẹ̀. Ní Òṣogbo, Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2005, fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé tẹmọ́mítà láti ojú títì dé abẹ́ igi rẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan owó àti ayé tí àwọn ọmọ yóò bá. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, títan jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, gbọ̀ngàn tí a dí pa nítorí ẹ̀rọ náà a sì di ààrò bí iná bá lọ. Sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú ní gbèsè tirẹ̀: ṣíṣe rẹ̀ ń tú nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 jáde nínú èéfín kábọ́ọ̀nù tí ọmọ ènìyàn ń tú sínú afẹ́fẹ́. Nàìjíríà gbé ìlànà ìkọ́lé tí kì í fi iná ṣòfò jáde ní 2017, ṣùgbọ́n ìlànà tí birikìlà kò gbọ́ kò lè kọ́ ilé.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí ó bá ẹ̀kọ́ yìí mu kò le. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ilé amọ̀ kan àti ilé búlọ́ọ̀kù kan ní àdúgbò rẹ̀, kí ó ka tẹmọ́mítà inú àti ìta ní aago 7 àárọ̀, aago 2 ọ̀sán àti aago 9 alẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó sì bi onílé ní ibi tí wọ́n ń sùn nígbà ooru àti ìdí rẹ̀. Kí ó kọ èsì náà ní Yorùbá, ní irú èdè tí onílé yóò fi lè kà á kí ó sì bá a jiyàn.