Ta ló ń bi apẹja léèrè kí wọ́n tó gbẹ́ ọ̀sà?

Ọ̀nà tó jáde láti Ìgbògbò, ní Ìkòròdú, gba Bàyékù kò kọjá etí ọ̀sà Èkó. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ajah àti Lekki ti máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lángbàsà láàárọ̀, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú títì. Lórí omi kan náà, ní àkókò kan náà, ni apẹja ń fa àwọ̀n tó dẹ sílẹ̀ lálẹ́ àná. Ọkọ̀ èrò ń sáré kọjá, ọkọ̀ tó kó iyanrìn ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, apẹja sì wà láàárín wọn nínú ọkọ̀ pákó. Nínú gbogbo àwọn tó ń jẹun lórí omi yìí, iṣẹ́ tirẹ̀ ló pẹ́ jù. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba bá ń pín omi, òun ni wọ́n máa ń rántí gbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ náà ti di kánjúkánjú báyìí nítorí ètò tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pè ní Omi Èkó. Owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 410 yúrò, ilẹ̀ Faransé àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì wà lára àwọn tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ọ̀nà omi 15 ni wọ́n fẹ́ là kí wọ́n sì sàmì sí, gígùn gbogbo wọn yóò sì tó nǹkan bíi kìlómítà 140. Ètò tó dára ni. Ẹni tó bá ti jókòó sínú mọ́tò láti Ìkòròdú dé Mile 12 lọ́jọ́ Ajé kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìwúlò rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kí irin tó kan ìsàlẹ̀ ọ̀sà, ó yẹ kí a mọ irú omi tí à ń sọ, kí a sì mọ àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Odò Ògùn ló ń bọ́ sínú ọ̀sà yìí láti ìhà àríwá. Láti orí òkè Ìgàràn nítòsí Ṣakí ló ti ṣẹ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì tú sínú ọ̀sà ní agbègbè Májídùn àti Àgbóyì. Ọ̀sà Èkó fúnra rẹ̀ gùn ju 50 kìlómítà lọ. Níbi tó ti tóóró, ìbú rẹ̀ kò ju kìlómítà mẹ́ta lọ. Níbi tó ti fẹ̀, ó tó 13. Pẹ̀lú bó ṣe fẹ̀ tó yìí, apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò jìn, ọ̀pá gígùn lè kan ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹnu kan ṣoṣo ló ń gbà pàdé òkun, ní èbúté ọkọ̀ Èkó. Ìdí nìyí tí omi náà fi ń yí padà lọ́dọọdún. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa láti oṣù kẹfà, omi odò á ti iyọ̀ padà sí ọ̀nà òkun, ọ̀sà á sì di omi aláìníyọ̀ títí di nǹkan bí oṣù kọkànlá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò bá fà, iyọ̀ á tún wọlé padà. Ní ìhà Ẹ̀pẹ́ ní tirẹ̀, odò Ọ̀ṣun àti Ọ̀nì ń da omi sínú ọ̀sà Lekki láìdáwọ́ dúró, iyọ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀hún rárá.

Ní 1958 ni Hill àti Webb, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, tẹ àbájáde ìwádìí wọn lórí ọ̀sà Èkó jáde, ó sì ṣàlàyé lílọ bíbọ̀ iyọ̀ yìí yékéyéké. Àwọn Ìlàjẹ tó ń gbé Májídùn, àwọn Ègùn, àti àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń pẹja láti Bàyékù dé Ẹ̀pẹ́ kò dúró de ìwé náà kí wọ́n tó mọ̀. Àwọ̀n tí wọ́n ń gbé jáde lóṣù kẹjọ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń gbé jáde lóṣù kejì, nítorí ẹja tó ń bá omi òjò wá kọ́ ni ẹja tó ń bá iyọ̀ wọlé.

Ẹ wo ọ̀bọ̀kún, ẹja tí kò sí ìyá olóúnjẹ tó ń se ọbẹ̀ ẹja tútù ní Ẹ̀pẹ́ tí kò mọ iyì rẹ̀. Ihò tóóró tó ṣókùnkùn ló máa ń wá nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin. Apẹja mọ èyí, ó gé ọparun, ó so okùn mọ́ ọn, ó sì rì í sí ìsàlẹ̀ omi. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, á rọra gbé e sókè, á dí ẹnu rẹ̀ kí ẹja má bàa jáde, á sì dà á sínú ọkọ̀. Kò ná owó ìdẹ, kò fi ọ̀bọ̀kún kan ṣòfò. Bákan náà ni epìyà inú ọ̀sà: akọ rẹ̀ ló ń gbé ẹyin sí ẹnu títí yóò fi pa, etí omi tí ìgbẹ́ bò ló sì fẹ́ràn láti sá pamọ́ sí. Ìmọ̀ nípa ibi tí ẹja ń yé sí àti ìgbà tó ń yé yìí, mi ò tíì rí i nínú àwòrán ọ̀nà omi kankan. Orí apẹja ló wà.

Mi ò ní í sọ pé ọwọ́ apẹja mọ́ pátá. Ọparun tó ń kó ọ̀bọ̀kún tó fẹ́ yé ẹyin ń kó ìyá àti ọmọ lọ tí wọ́n bá rì í jù. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ń gbá ẹja kéékèèké tí kò tíì tó nǹkan. Àwọn kan sì wà tó ń da oògùn sómi, ìwà ọ̀daràn gbáà ni, òfin ẹja pípa nínú omi ilẹ̀ wa, Òfin 108 ti ọdún 1992, sì kà á léèwọ̀. Akaja náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ̀ka igi ni wọ́n ń rì mọ́ ilẹ̀ ọ̀sà kí ẹja lè kó sí àárín rẹ̀. Láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni ọgbọ́n yìí ti wá, ó gbilẹ̀ gan-an lórí ọ̀sà Nokoué níbi tí ìlú Ganvié wà. Ẹja ń bí sí i nínú akaja, lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n igi tó bá ṣẹ́kù sábẹ́ omi lè fọ́ ìdí ọkọ̀ èrò. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí awakọ̀ àti apẹja jọ jókòó sọ ni.

Gbéborùn tún wà níbẹ̀. Ní 1984 ni ewé yìí gba orí omi láti Bẹ̀nẹ̀ wọ Àgbádárìgì, láti ìgbà náà ni kò sì ti fi ọ̀sà sílẹ̀ mọ́. Iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ń pa á, omi òjò ń jí i dìde. Ní oṣù tí ẹja odò ń wọlé gan-an ni gbéborùn ń bo ojú omi bí ẹní, á wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, á sì fa àwọ̀n lọ. Apẹja tó bá sùn jí tí kò bá àwọ̀n rẹ̀ nílẹ̀ mọ́ ti pàdánù ọ̀pọ̀ owó.

Owó ta ni? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò tẹ́tí sí dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó obìnrin ni. Iṣẹ́ ẹja ní ọ̀sà wa kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin nìkan. Obìnrin tó ń ra ẹja létí omi, ìyàwó apẹja tàbí oníbàárà rẹ̀, ló sábà máa ń ra àwọ̀n fún un láwìn, tó ń fún un lówó epo, tó sì ń dá sí àtúnṣe ẹ́ńjìnnì. Apẹja náà kì í ta ẹja fún ẹlòmíràn títí gbèsè yóò fi tán, ó sì ṣọ̀wọ́n kó tán pátápátá. Obìnrin yìí ló ń pín ẹja náà: èyí tó tóbi lọ sí ọjà ní tútù, àwọn tó kù lọ sórí ààrò. Ó ń fi igi yan wọ́n ní gbogbo òru, èéfín ń jẹ ẹ́ lójú, kí ẹja má bàa bàjẹ́ nítorí àìsí iná ẹ̀rọ amúǹkantutù. Owó tó fi ń yáni, àjọ ló ti kó o tàbí kí ó yá a lọ́wọ́ obìnrin tó jù ú lọ ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹrù tó wà lọ́rùn rẹ̀ ti wúwo sí i, nítorí kò sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè jáde láìmu epo.

Àwọn aláṣẹ orí omi pọ̀. Òfin 13 ti ọdún 1997 ló dá àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀. Èkó dá LASWA tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2008. Àwọn méjèèjì fa ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní 2024 pé ìjọba àpapọ̀ ló ni àṣẹ lórí àwọn ojú omi náà. Ṣáájú ìdájọ́ yìí, ní 2023, ni wọ́n ti dá iléeṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ òkun sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹja pípa sì kúrò lábẹ́ iléeṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹjọ́ yẹn dá lórí ẹni tí yóò máa gba owó ìwé àṣẹ. Ẹja kò sí nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìpinnu tí wọ́n ṣe níbi tó jìnnà ń dé Májídùn. Láti 1983 ni ìsédò Ọ̀yán ti wà lókè Abẹ́òkúta, àjọ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun sì máa ń tú omi rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí òjò bá pọ̀. Àwọn ará abúlé etí odò ní Ìkòròdú mọ oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá sí àkókò ìkún omi. Fún apẹja, omi tó wá lójijì túmọ̀ sí pé ìgèrè á ṣàn lọ. Omi tó wá díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ti kéde rẹ̀ ṣáájú, lè jẹ́ kí ó dẹ ìgèrè síbi tí àrọ̀ yóò gbà kọjá. Ìkéde lórí rédíò ní èdè Ìlàjẹ àti Ègùn, ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ìsédò, kò ní náni lówó púpọ̀.

Ohun tí mo ń bèèrè lórí Omi Èkó kò ju èyí lọ. Kí wọ́n tó gún àmì ọ̀nà ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀ ọ̀sà, kí wọ́n mú àwòrán náà lọ sí Bàyékù, Ìjẹ̀dẹ̀, Májídùn àti Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n ní kí àwọn apẹja fi ọwọ́ tọ́ka ibi tí ẹja ń yé sí. Níbi tó bá ṣeé ṣe, kí ọ̀nà yà fún un. Níbi tí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ìgbà tí ọ̀bọ̀kún ń yé tó dé. Tí ẹ̀rọ bá sì fa àwọ̀n ya, kí owó ẹ̀san má ṣe dúró lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀, nígbà tó jẹ́ pé obìnrin tó ra àwọ̀n náà ṣì ń san gbèsè rẹ̀. Kò ṣòro láti mọ àwọn obìnrin náà. Wọ́n ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà ní olórí àti akápò, wọ́n sì mọ ẹni tó jẹ ẹni ní gbèsè láti etí omi títí dé Ọjà Olúwo.