Kí Ló Ń Mú Ẹ̀kọ Dì?

Lọ́sẹ̀ yìí, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ ká jọ dáhùn. Nígbà tí ẹlẹ́kọ bá ń pọ́n ẹ̀kọ sínú ewé, nǹkan olómi tó gbóná tó sì ki ni. Tó bá tutù tán, ó ti dì, ẹ lè fi ọ̀bẹ gé e. Kò sẹ́ni tó da gọ́ọ̀mù sí i. Omi inú rẹ̀ náà kò lọ ibì kankan, omi ló ṣì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ta ló wá de omi mọ́lẹ̀?

Àwọn mólékù inú ògì ló tò ara wọn. Àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ń pè é ní self-assembly: mólékù á wá ara wọn rí, wọ́n á so mọ́ra, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ tò wọ́n.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Inú hóró kéékèèké ni sítáàṣì ògì wà. Tí omi bá gbóná tó nǹkan bíi 70°C, àwọn hóró yìí á mu omi, wọ́n á wú, wọ́n á bẹ́. Mólékù gígùn bí okùn, tó ń jẹ́ amylose, á jáde sínú omi. Nígbà tó ṣì gbóná, ńṣe ni àwọn okùn yìí ń sáré kiri, wọn ò lè dúró ti ara wọn. Bó bá ń tutù, eré wọn á dínkù, wọ́n á máa lọ́ mọ́ra ní méjì méjì, títí gbogbo wọn á fi di àwọ̀n. Inú àwọ̀n yẹn lomi há sí. Àwọ̀n tó há omi báyìí là ń pè ní jẹ́ẹ̀lì.

Kí ni wọ́n fi so mọ́ra? Hydrogen bond tí wọ́n kọ́ wa ní SS1 ni! Ìwé sọ pé ìsopọ̀ yìí kò lágbára, ọ̀pọ̀ wa sì kà á kọjá bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Agbára ẹyọ kan rẹ̀ lè má ju ìdá kan nínú 20 agbára ìsopọ̀ tó de àwọn átọ́ọ̀mù pọ̀ nínú mólékù. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Tí irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ lọ jàra, ẹ̀kọ á dì.

Àìlágbára yẹn gan-an ló wúlò, torí ohun tí kò le jù ṣe é tú, ó sì ṣe é so padà. Ẹ wo ọbẹ̀ bọ̀kọ́tọ̀. Tó bá sùn mọ́jú, á dì. Ẹ gbé e kaná, á yọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù, á tún dì. Gelatin tó jáde látinú awọ àti iṣan ẹsẹ̀ màlúù ló ń ṣe é: tó bá tutù, okùn mẹ́ta mẹ́ta á lọ́ mọ́ra bí irun tí wọ́n dì. Ẹyin sísè ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin tó bá ti jinná, kò sí ọgbọ́n tẹ́ ẹ máa dá sí i nílé tó máa fi padà di olómi.

Okùn gígùn ni ti ògì àti ti gelatin. Ṣùgbọ́n mólékù kéékèèké náà lè ṣe é. Ẹ mọ òróró lárà, castor oil tí wọ́n fi ń pa irun? Tí wọ́n bá fi háídrójìn kún un, wọ́n lè rí ásíìdì kan nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ 12-hydroxystearic acid. Kábọ́ọ̀nù 18 péré ló ní. Ẹ yọ́ gíráàmù 2 rẹ̀ sínú gíráàmù 98 òróró gbígbóná, kó wá tutù: àwọn mólékù náà á to ara wọn di fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́, fọ́nrán á wé mọ́ fọ́nrán, gbogbo òróró á dì. Supramolecular gel nìyẹn. Ọṣẹ lithium tí wọ́n ń fi ásíìdì yìí ṣe ló ń mú kí gíríìsì ọwọ́ mẹkáníìkì ki. Jean-Marie Lehn, ará Faransé, ló sọ ẹ̀ka ìmọ̀ yìí lórúkọ ní 1978. Ní 1987, òun, Donald Cram àti Charles Pedersen jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ó kan ẹ̀mí èèyàn náà. Shuguang Zhang àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní MIT, l'Amẹ́ríkà, ṣe mólékù kan tí amino acid 16 wà nínú rẹ̀. Olómi ni, àmọ́ tó bá kan iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, á to ara rẹ̀ di jẹ́ẹ̀lì. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2006, wọ́n dà á sójú ọgbẹ́ eku, ẹ̀jẹ̀ sì dá kí ìṣẹ́jú àáyá 15 tó pé. Ńṣe ló dí ojú ọgbẹ́ bí ẹni dí kòkò tó ń jò. Lónìí, àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ti ń lo irú rẹ̀ fún èèyàn.

Nítorí náà, tí wọ́n bá bi yín nínú ìdánwò pé kí ni hydrogen bond wúlò fún, ẹ má dúró sórí omi nìkan. Ẹ fi ẹ̀kọ kún un.

— Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn