Igi Wo Lọmọ Yín Máa Rántí?

Lóṣù Kẹrin tó kọjá, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, mú iṣẹ́ àṣetiléwá dé: kó kọ ewì kékeré nípa igi tó fẹ́ràn jù. Kò ronú rárá. Igi magnolia ẹ̀yìnkùlé wa níbí ní Atlanta ló mú, èyí tó ti ń gùn látìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Nígbà tó kọ ọ́ tán lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó bi mí pé, "Dádì, kí ni wọ́n ń pè é ní Yorùbá?"

Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò rí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni bàbá mi dàgbà sí, igi àgbálùmọ̀ kan sì wà lágbàlá wọn. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ igi yẹn, Yorùbá ni wọ́n máa fi sọ ọ́: ta ló kọ́kọ́ sọ òkò, ta ló já bọ́, ta ni ìyá ẹ̀ nà. Èmi náà ní igi tèmi, igi pecan kan ní Decatur, àmọ́ gbogbo ohun tí mo rántí nípa rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Yorùbá ìgbà èwe mi ò ju "ẹ káàárọ̀," "wá jẹun" àti "mo máa nà ẹ́" lọ. Èdè ìkíni àti ìbáwí ni. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó fi ìwé kọ́ ìyókù. Mi ò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tèmi.

Ìfẹ́ tí ọmọdé ní sí igi kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ìlú Athens, nǹkan bí 70 máìlì sí wa, igi oak kan wà tí wọ́n ń pè ní Igi Tó Ni Ara Rẹ̀. Ìtàn tí àwọn ará ìlú ń sọ ni pé Kọ́nẹ́ẹ̀lì William H. Jackson fẹ́ràn igi náà láti kékeré. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e, ló bá fi ìwé gbé igi náà àti ilẹ̀ tó yí i ká fún igi náà fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ìwé yẹn mọ́, òfin ò sì gbà pé igi lè ní ilẹ̀, àmọ́ ìlú gbà bẹ́ẹ̀. Igi náà wó ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1942. Lọ́dún 1946, wọ́n gbin ọmọ rẹ̀, tó hù láti inú èso rẹ̀, sójú ibẹ̀ gan-an. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Akéwì tiwa náà rántí igi. Niyi Osundare, ọmọ àgbẹ̀ tí wọ́n bí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì lọ́dún 1947, gbé ìwé ewì The Eye of the Earth jáde lọ́dún 1986. Nínú ewì "Forest Echoes," ó padà wọ igbó tó mọ̀ nígbà èwe. Ìrókò wà níbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí ọ̀pẹ, kùkùté náà wà níbi tí wọ́n ti gégi lọ. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, àmọ́ ìrókò ṣì ń jẹ́ ìrókò. Àwa lè ṣe òdìkejì ẹ̀: igi Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ Yorùbá.

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé orúkọ kọ́ ló yẹ kí n máa wá. Oríkì ni. Oríkì ń sọ ìrísí nǹkan, ìwà ẹ̀, àti ohun tó ti ṣe. Èmi àtọmọ mi bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Báwo lewé ẹ̀ ṣe rí? Kí ló máa ń ṣe nígbà òtútù? Kí nìwọ àti igi yìí ti jọ ṣe? Ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, mo sọ ọ́ fún un. Èyí témi náà ò mọ̀, a bi bàbá àgbà lórí WhatsApp. Ohun tá a kó jọ nìyí:

Magnolia, eléwé ńlá,
ojú ewé ń dán, ẹ̀yìn ewé pupa rúsúrúsú bí awọ bàtà.
Òtútù dé, ewé igi yòókù já bọ́, tìẹ ò já.
Òdòdó rẹ funfun, ó tóbi bí abọ́ ọbẹ̀.
Ìwọ lo dì mí mú lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ mi yọ̀,
o ò sọ fún Mọ́mì.

Ìlà méjì tó gbẹ̀yìn, òun fúnra ẹ̀ ló sọ wọ́n, mi ò bá a túmọ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki àgbálùmọ̀ tiwọn, tí wọ́n ti gé kí wọ́n tó bí mi. Mi ò gbọ́ ọ rí.

Igi ò wọ́n ní Atlanta. Nígbà tí àwọn olùwádìí Georgia Tech fi àwòrán sátẹ́láìtì ọdún 2008 wò ó, igi ló bo nǹkan bí ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ gé igi tí ìbú ẹ̀ níbi tó ga dé àyà èèyàn tó íńṣì 6 gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìlú. Àmọ́ igi ń wó. Agégi tó yẹ magnolia wa wò sọ pé ó ti sún mọ́ òrùlé jù, ó sì ṣeé ṣe ká gbàṣẹ láti gé e láìpẹ́. Ọmọ mi ti mọ̀. Oríkì ẹ̀ wà lára ògiri yàrá ẹ̀.

Lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ tẹ̀ lé ọmọ yín lọ sídìí igi tó fẹ́ràn. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀, kódà bí àmì ohùn ò bá pé. Lẹ́yìn náà, ẹ pe bàbá tàbí ìyá yín, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè igi tiwọn.